Ara Ọmọ Náà Ti Yá

Iṣẹ́ abẹ tí wọ́n ṣe sí orí ọmọ náà kẹ́sẹ járí. Ìpàdé ẹbí tó tẹ̀ lé e ló gba ẹ̀mí rẹ̀.

Mo mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yìí wúwo, mo sì rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́ sílẹ̀. Ìtàn tí mo fẹ́ sọ kì í ṣe ti ilé kan ṣoṣo. Láti ilé dé ilé ló ń ṣẹlẹ̀, débi pé ẹni tó bá ti jókòó pẹ́ ní wọ́ọ̀dù àwọn ọmọdé ní ọsibítù ńlá yóò mọ̀ ọ́n látòkè délẹ̀. Mo pa ohun tó ń dé bá ọ̀pọ̀ ìdílé pọ̀ sára ìdílé kan, kí ó lè ṣe é sọ, kí n má sì tú àṣírí ẹnikẹ́ni. Nítorí náà, n kò ní dárúkọ. Bàbá jẹ́ ọmọ Àpòmù, ìyá jẹ́ ọmọ Ìkirè, ọmọ tí a ń sọ jẹ́ ọmọkùnrin ọdún mẹ́fà.

Ẹni tó bá mọ ìhà ibẹ̀ mọ̀ pé Ìkirè àti Àpòmù kò jìnnà síra. Ìkirè ni olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìrewọlé, Àpòmù ni ti Ìṣọ̀kan, ṣùgbọ́n wọ́n ń fẹ́ ọmọ ara wọn, wọ́n sì ń ná ọjà ara wọn. Bí mọ́tò bá dojú kọ Aṣéjìrè, Ìbàdàn ló ń lọ, níbi tí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn UCH ti ń gba aláìsàn láti ọdún 1957. Bí ó bá dojú kọ Gbọ̀ngán, Ifẹ̀ ló ń lọ, níbi tí ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn ti Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ wà. Ìlú tó ní irú ọsibítù bẹ́ẹ̀ lọ́tùn-ún àti lósì kò pọ̀ ní Nàìjíríà. Mo sọ èyí ṣáájú kí ẹnikẹ́ni má bàa rò pé ọ̀nà jíjìn ló fa ohun tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá ọmọ ń ta dòdò Ìkirè. Àwọn tó ń gba ọ̀nà náà kọjá mọ̀ ọ́n dáadáa: ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n rọ̀, tí wọ́n pò mọ́ ata àti iyọ̀, tí wọ́n din nínú epo pupa títí tó fi dúdú. Iṣẹ́ ìdájí ni. Kí ilẹ̀ tó mọ́, ó ti wà nídìí iná, kò sì sí nínú yàrá nígbà tí ọmọ rẹ̀ bá jí. Àárọ̀ kùtù náà gan-an ni àìsàn ọmọ yìí máa ń yọjú. Ọmọ á jí, á di orí mú, á bì, kódà kí ó tó jẹun rárá. Nígbà tó bá fi máa di ọ̀sán, á ti máa gbá bọ́ọ̀lù lẹ́yìnkùlé. Ta ni yóò pe ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní aláìsàn?

Wọ́n kọ́kọ́ ní ibà ni. Kẹ́míìsì fún un ní oògùn ibà. Nígbà tí kò lọ, wọ́n ní táífọ́ọ̀dù ni, wọ́n gún un lábẹ́rẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, aràn. Lẹ́yìn aràn, wọ́n ní kò fẹ́ lọ sí ilé ìwé ni. Olùkọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ rí i pé nǹkan mìíràn wà ńbẹ̀: ọmọ náà ń gbé orí sí ẹ̀gbẹ́ kan kó tó lè wo pátákó, ojú rẹ̀ ọ̀tún ti ń yí wọ inú, bí ó bá sì dìde ní ìjókòó, ńṣe ló ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ bí ẹni tó mu ẹmu. Olùkọ́ ránṣẹ́ pe ìyá. Ìyá sọ fún bàbá. Bàbá gbé ọ̀rọ̀ lọ sí agbo ilé ní Àpòmù, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin sì ní ọwọ́ ayé ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n sín gbẹ́rẹ́ sí i lórí. Wọ́n gbé e lọ sí ibi àdúrà. Oṣù ń gorí oṣù.

N kò bú àdúrà, n kò sì bú àgbà tó wá ìtumọ̀ sí ohun tí kò yé e. Ẹni tí orí ọmọ rẹ̀ ń fọ́ yóò kan ilẹ̀kùn tó bá mọ̀. Ohun tó dùn mí ni pé àwọn àmì wọ̀nyí kì í ṣe àwámárìídìí. Ní apá ẹ̀yìn orí, lókè ọrùn, ọpọlọ kékeré kan wà tó ń mú kí ènìyàn dúró ṣinṣin, kí ẹsẹ̀ má sì takora. Ibẹ̀ ni kókó kan tí àwọn dókítà ń pè ní medulloblastoma ti máa ń hù. Nínú àwọn jẹjẹrẹ tó ń bẹ̀rẹ̀ nínú ọpọlọ ọmọdé, òun ló wọ́pọ̀ jù. Bí kókó náà bá ṣe ń tóbi, ó ń dí ọ̀nà omi tó ń ṣàn nínú ọpọlọ, omi á kún, agbárí kò sì ní àyè tí yóò fẹ̀ sí. Bí ọmọ bá sùn gbalaja lóru, ìfúnpá náà á pọ̀ sí i. Ìdí nìyẹn tí orí fi ń fọ́ ọ láàárọ̀. Bí ó bá bì, tí ó sì dìde dúró, ara á fúyẹ́ díẹ̀. Kì í ṣe oúnjẹ ló fà á, kì í ṣe pé ó ṣubú, kì í ràn, kò sì sí ohun tí ìyá ṣe nígbà oyún tó dá a sílẹ̀.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, àwọn òbí máa ń pààrà ọ̀dọ̀ dókítà fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀ kí ẹnikẹ́ni tó ronú kan ọpọlọ. Ní 2011, wọ́n bẹ̀rẹ̀ ìpolongo kan tí wọ́n pè ní HeadSmart, wọ́n tẹ àwọn àmì náà sórí káàdì pélébé, wọ́n pín in fún òbí, olùkọ́ àti dókítà. Láàárín ọdún mélòó kan, àkókò tí wọ́n fi ń mọ àìsàn náà dín kù gan-an sí ti àtijọ́. Wọn kò ra ẹ̀rọ tuntun kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀. Ìmọ̀ nìkan ni wọ́n pín. Àwọn ará Àpòmù kò ṣàìmọ ohun tí nǹkan kékeré tí a kò tètè bójú tó lè dà. Samuel Johnson kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ pé aáwọ̀ lórí àtaare owó ẹyọ díẹ̀ ní ọjà Àpòmù wà lára ohun tó di ogun Òwu ní nǹkan bí igba ọdún sẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n fi gbé ọmọ náà dé ọsibítù, kò lè rìn mọ́. Wọ́n ya síkáànì, wọ́n rí kókó. Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun tí ìlú méjèèjì ṣe nígbà náà, nítorí ó yẹ kí a yìn wọ́n. Àwọn obìnrin tó ń ta dòdò dá owó jọ lójú ẹsẹ̀. Ẹgbẹ́ èsúsú ìyá ọmọ gbé owó fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì kàn án. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbé igbá kejì. Ní mọ́ṣáláṣí tí àbúrò bàbá ń lọ, wọ́n kéde rẹ̀ lẹ́yìn ìrun Jímọ̀. Bàbá àgbà ta kòkó tó yẹ kó fi pamọ́ de owó gidi. Àwọn ọ̀dọ́ wọ mọ́tò láti Àpòmù, wọ́n lọ fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà, wọ́n sì sọ ọ́ ní tòótọ́. Owó iṣẹ́ abẹ pé.

Ẹ jẹ́ kí n ya díẹ̀ níhìn-ín. Títí di nǹkan bí ọgọ́ta ọdún sẹ́yìn, kò sí ọmọ Nàìjíríà tó kọ́ṣẹ́ láti la agbárí ènìyàn kí ó sì ṣiṣẹ́ abẹ nínú ọpọlọ. Emmanuel Látúndé Ọdẹ́kù, ọmọ Awẹ́ lẹ́bàá Ọ̀yọ́, ló kọ́kọ́ kọ́ ọ, ní Amẹ́ríkà. Ó lè jókòó sí ọ̀hún kó máa jẹ ayé rẹ̀, ṣùgbọ́n ó padà sí Ìbàdàn ní 1962, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà ní UCH. Ó kú ní 1974, kò tíì pé ẹni àádọ́ta ọdún. Ilé ìkàwé àwọn oníṣègùn ní UCH ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí di òní. Mo ń dárúkọ rẹ̀ kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀bẹ àti òye la kò ní. Àwọn tó ń ṣe é wà láàárín wa, wọ́n sì ṣe é fún ọmọ yìí, ó yọrí.

Lẹ́yìn ọjọ́ méjì tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, ọmọ náà kò sọ̀rọ̀ mọ́. Ojú rẹ̀ là sílẹ̀, ó ń sunkún láìdún, kò dá ẹnikẹ́ni lóhùn. Ìyá àgbà láti Àpòmù figbe ta pé wọ́n ti gba ohùn rẹ̀. Dókítà ṣàlàyé pé ó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ kan lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ní apá ọpọlọ yẹn, pé ohùn ń padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ tàbí oṣù díẹ̀. Ìyá ọmọ nìkan ló wà ńbẹ̀ nígbà tó ń ṣàlàyé. Àwọn yòókù wà lẹ́yìn òde, wọ́n ń bínú. Bí dókítà ti sọ gẹ́lẹ́ ló rí: ọmọ náà ń sọ ẹyọ ọ̀rọ̀ kan, ó di méjì, ó di pé ó ń pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti orí ibùsùn.

Wọ́n tún ń fún un ní oògùn tó ń dín wíwú ọpọlọ kù. Oògùn náà a máa mú kí ebi pa ọmọ, ẹ̀rẹ̀kẹ́ á sì kún rogodo. Bí wọ́n ṣe gbé e wọ Ìkirè, ẹni tó rí i ló ń dúpẹ́: ẹ wo bí ó ṣe sanra! Ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀, ó ń jẹun. Wọ́n dá ọjọ́ ìdúpẹ́. Wọ́n se ìrẹsì, wọ́n pe ìlú. Owó tó ṣẹ́ kù nínú èyí tí wọ́n dá ni wọ́n fi ṣe é.

Ìwé tí dókítà kọ wà nínú àpò ìyá. Ohun tó wà nínú rẹ̀ ni pé kí wọ́n gbé ọmọ náà padà wá láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan fún ìtànṣán, ohun tí àwọn ènìyàn wa ń pè ní iná: ọjọ́ Ajé sí ọjọ́ Ẹtì, lójoojúmọ́, fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Lẹ́yìn ìyẹn, oògùn kẹ́mò fún oṣù púpọ̀. Iṣẹ́ abẹ tí gbogbo ìlú ti náwó nára fún, ìbẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú ni.

Wọ́n ṣe ìpàdé ní agbo ilé ní Àpòmù. Ẹ wo bí nǹkan ti rí fún ìdílé náà nígbà yẹn. Ìyá kò tíì dáná dòdò láti ọjọ́ tí wọ́n ti dé ọsibítù; àwọn oníbàárà rẹ̀ ti lọ sí ọ̀dọ̀ ẹlòmíràn. Bàbá ti ta ọ̀kadà tó fi ń ṣiṣẹ́. Ọmọbìnrin wọn, ẹni ọdún mẹ́sàn-án, wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà, kò sì sí ẹni tó sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ fún un. Ọmọ yẹn rò nínú ara rẹ̀ pé òun lòun fa àìsàn àbúrò òun, nítorí ó ti tì í ṣubú rí nígbà tí wọ́n ń ṣeré. Ó gbé ẹ̀bi yẹn kiri fún oṣù gbáko.

Ẹ̀gbọ́n bàbá tó jẹ́ ọkùnrin ló sọ̀rọ̀ jù ní ìpàdé náà. Ó ní, "Ara ọmọ yìí ti yá. Ojú gbogbo wa ló ṣe. Kí ni wọ́n tún fẹ́ fi iná sun lórí rẹ̀?" Àwọn ènìyàn mi orí. Ọkùnrin yìí kì í ṣe ọ̀dájú; òun ló fi ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ṣáájú gbogbo ènìyàn. Ìbéèrè rẹ̀ sì dára. Ó yẹ kí ẹnìkan dá a lóhùn. Ìdáhùn rẹ̀ ni pé ọ̀bẹ kò lè mú ohun tí ojú kò rí. Bí wọ́n bá tilẹ̀ yọ kókó náà tán pátápátá, èérún rẹ̀ ti lè bá omi tó yí ọpọlọ ká ṣàn lọ sí ẹ̀yìn, lọ bá okùn ọ̀pá ẹ̀yìn, yóò sì fara pamọ́ síbẹ̀. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n fi ń tan ìtànṣán sí orí àti ẹ̀yìn ọmọ tó bá ti dàgbà tó, kí wọ́n tó fi kẹ́mò tẹ̀ lé e. Ẹni tó lè dáhùn báyìí jókòó síbẹ̀. Ìyá ọmọ ni. Kò sí ẹni tó bi í. Nínú ìpàdé tí ìyá ọkọ àti ẹ̀gbọ́n ọkọ wà, ìyàwó ilé kò ní já ọ̀rọ̀ gbà lẹ́nu wọn, pàápàá nígbà tó jẹ́ pé owó ni yóò béèrè. Wọ́n pinnu pé kí wọ́n fi Ọlọ́run ṣọ́ ọ, kí wọ́n ṣì máa fún un ní àgbo.

Ní tèmi, àṣìṣe tó tóbi jù nìyẹn. A gba ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu dókítà láyè láti jókòó sí ẹ̀yìn, a sì gba ẹni tí kò gbọ́ láyè láti dájọ́.

Oṣù díẹ̀ kọjá. Ọmọ náà padà sí ilé ìwé. Lẹ́yìn náà, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bì láàárọ̀. Nígbà yìí, ìyá kò dúró de ìpàdé; ó gbé e, ó wọ mọ́tò. Àwọn dókítà kò bá wọn jà. Wọ́n ṣe ohun tó ṣe é ṣe, wọ́n fún un ní oògùn ìrora, wọ́n jẹ́ kí ìyá rẹ̀ wà pẹ̀lú rẹ̀. Ọmọ náà kú.

Ìfọ̀kànbalẹ̀ tó tan ẹbí yìí jẹ ti tan àwọn tó ju wá lọ rí. Ní 1961, Karen, ọmọbìnrin ọdún méjì, ṣubú nígbà tó ń ṣeré ní Amẹ́ríkà. Bàbá rẹ̀ ni Neil Armstrong, ẹni tó wá fẹsẹ̀ tẹ òṣùpá ní 1969. Wọ́n rí kókó nínú ọpọlọ rẹ̀, níbi tí ọ̀bẹ kò lè dé. Wọ́n tan ìtànṣán sí i, ó sì sàn débi pé ó tún ìrìn kọ́. Inú ilé náà dùn. Kókó náà padà, ọmọ náà sì kú ní ọjọ́ 28 oṣù kìíní 1962, ọjọ́ tó pé ọdún mẹ́fà géérégé tí àwọn òbí rẹ̀ ṣe ìgbéyàwó. Àwọn Armstrong kò pa ìtọ́jú kankan tì. Irú kókó tí ọmọ tiwọn ní ṣì ń ṣòro wò títí di òní. Ohun tí mo fẹ́ kí a rí níbẹ̀ ni pé àrùn yìí lè dẹ̀ fún ènìyàn kí ó tún padà. Ohun kejì ni ti bàbá náà: ó padà sẹ́nu iṣẹ́ láìpẹ́, ọ̀pọ̀ àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ kò sì gbọ́ kí ó dárúkọ ọmọ náà rí. Àwọn bàbá ní Àpòmù náà ń ṣe bẹ́ẹ̀. A máa ń kí ìyá pé ẹ kú ìrọ́jú, a ó sì bi bàbá léèrè iye tó kù tí yóò san.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé nǹkan bí 400,000 ọmọdé àti ọ̀dọ́ ló ń ní jẹjẹrẹ lọ́dún kan. Ní àwọn ilẹ̀ tó lówó, ó lé ní 80 nínú 100 tó ń yè. Ní ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí kò lówó, wọn kì í tó 30. Nígbà tí àjọ náà ka àwọn ohun tó fa ìyàtọ̀ yìí, wọ́n dárúkọ àìtètè mọ àìsàn, wọ́n dárúkọ àìrí ìtọ́jú, wọ́n sì dárúkọ pípa ìtọ́jú tì lágbedeméjì. Ní 2018, wọ́n gbé ètò kan kalẹ̀ pé, ó kéré tán, kí 60 nínú 100 irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ máa yè káàkiri ayé nígbà tó bá fi máa di 2030.

N kò ní di gbogbo ẹrù náà lé ẹbí lórí. Ní ìlú Memphis ní Amẹ́ríkà, ọsibítù St. Jude ti wà láti 1962, ọdún tí Ọdẹ́kù padà wálé. Wọn kì í gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ òbí, ì báà jẹ́ owó ìtọ́jú, owó ọkọ̀, ilé tàbí oúnjẹ. Ìfẹ́ ará ìlú ló ń gbé e ró. Ní tiwa, ẹ̀rọ ìtànṣán tó ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo Nàìjíríà kò tó nǹkan fún èrò tó lé ní igba mílíọ̀nù. Ibùdó ìtọ́jú jẹjẹrẹ tí wọ́n ṣí sí ọsibítù LUTH ní Èkó ní 2019 dín ìyà náà kù, ṣùgbọ́n àtilọ Èkó láti Ìkirè fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, owó ni. Nígbà tí ìjọba àpapọ̀ dá owó ìrànwọ́ fún àwọn oníjẹjẹrẹ sílẹ̀, ti ọmú, ti ẹnu ọ̀nà ilé ọmọ àti ti pirositéètì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ọmọdé kò sí níbẹ̀ nígbà náà. Kò dára bẹ́ẹ̀, ó sì yẹ kí àwọn aṣòfin Ọ̀ṣun àti ti Àbújá gbọ́ ọ lẹ́nu wa.

Ṣùgbọ́n kí ìjọba tó ṣe tiwọn, ọmọ mìíràn yóò bì láàárọ̀ ọ̀la. Nítorí náà, mo fẹ́ sọ ohun tí ìrànlọ́wọ́ jẹ́, bí àwọn ìyá tó ti bá ọmọ wọn dé òpin ìtọ́jú ṣe ń sọ ọ́.

Kí owó tó wọlé, kí ẹbí yan ẹnìkan tó ní ìwé àti ìfọkàntán, tí yóò máa kọ ohun tó wọlé àti ohun tó jáde. Kí ẹni yìí lọ bá dókítà pẹ̀lú ìyá, kí ó béèrè gbogbo ìtọ́jú náà títí dé òpin, kì í ṣe ti ìṣẹ́jú yìí nìkan. Kí wọ́n wá pín owó náà sí gbogbo ìpele rẹ̀. Kí ó tún béèrè àwọn òṣìṣẹ́ tó ń bójú tó ọ̀ràn ìdílé aláìsàn ní ọsibítù. Ẹ̀ka wọn wà ní àwọn ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn wa, wọ́n sì mọ ibi tí ìrànlọ́wọ́ lè ti wá. Ní Èkó, àwọn àjọ bíi Children Living with Cancer Foundation àti The Dorcas Cancer Foundation wà nítorí irú àwọn ọmọ báyìí.

Owó kọ́ ni gbogbo rẹ̀. Ìyá tó ń sùn lórí àga ní wọ́ọ̀dù fún oṣù kan nílò ẹni tí yóò rọ́pò rẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ kan kí ó lọ wẹ̀ kó sì sùn. Ẹni tó ń din dòdò ní ìsọ̀ kejì lè din ti ìyá ọmọ mọ́ tirẹ̀, kí àwọn oníbàárà má bàa tú ká. Awakọ̀ tó ń ná Ìbàdàn lójoojúmọ́ lè ya ìjókòó méjì sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ìyẹn nìkan lè dá ẹ̀mí ọmọ sí. Àwọn ọmọ tó kù nílé, kí ẹnìkan tó ní sùúrù jókòó tì wọ́n, kí ó sọ òtítọ́ fún wọn ní ọ̀rọ̀ ọmọdé, kí ó sì sọ fún wọn pé kì í ṣe ẹ̀bi wọn. Kí àbúrò bàbá mú bàbá jáde, kí ó má bi í ní nǹkan kan, kí ó jẹ́ kí ó sọ̀rọ̀ tó bá fẹ́.

Àwọn nǹkan kan wà tí kò gba àfara. Bí ara ọmọ tó ń gba kẹ́mò bá gbóná, ọsibítù ni kí wọ́n gbé e lọ lóru ọjọ́ náà, nítorí oògùn náà ti jẹ ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ níyà. Ibà tí à ń fojú kékeré wò lè pa á kí ilẹ̀ tó mọ́. Kí ẹni tó ń wúkọ́ kí i láti ẹnu ọ̀nà. Kí wọ́n má fún un ní àgbo láìsọ fún dókítà, nítorí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ti ń jà pẹ̀lú oògùn tó lágbára. Irun rẹ̀ yóò re, yóò sì hù padà.

Ní ti ìjọ àti mọ́ṣáláṣí, mo bẹ àwọn olórí wa: ẹ gbàdúrà, kí ẹ sì béèrè ọjọ́ tí ìtọ́jú tó kàn bọ́ sí. Kí wọ́n kéde ọjọ́ yẹn bí wọ́n ṣe ń kéde ọjọ́ ìdúpẹ́. Kí ìdúpẹ́ ńlá dúró di ọjọ́ tí dókítà bá sọ pé ìtọ́jú ti parí.

Ẹ̀yin ará Ìkirè àti Àpòmù, àti ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí níbikíbi: bí ọmọ kan ní àdúgbò yín bá ń bì láàárọ̀ fún ju ọ̀sẹ̀ méjì lọ, tí orí ń fọ́ ọ, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́ tàbí tí ojú rẹ̀ yí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n ra oògùn ibà ẹlẹ́ẹ̀kẹta. Ẹ ní kí wọ́n gbé e lọ sí Ìbàdàn tàbí Ifẹ̀ lọ́la. Bí ìdílé kan bá sì ti ti ibi iṣẹ́ abẹ dé tí ọmọ wọn ń rẹ́rìn-ín, ẹ bá wọn yọ̀, kí ẹ sì bi ìyá ọmọ pé ọjọ́ wo ni wọ́n ní kí ó padà wá, àti pé èló ni owó mọ́tò.